Afẹ́fẹ́ tó kọ ògiri sílẹ̀: ohun tójú mi rí nídìí dráyà ìrẹsì kan l'Ékìtì

Dráyà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ìlú kan tí ò jìnnà sí Ìgbẹmọ ló wà, ẹ sì mọ̀ pé tí wọ́n bá ti ní ìrẹsì l'Ékìtì, Ìgbẹmọ ló ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn. Màmá kan ló ni ín. Wọ́n á ra pádì, ìyẹn ìrẹsì tí èèpo ṣì wà lára ẹ̀, lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á wá gbé e lọ sí mílìì. Níbi sísá yẹn ni wàhálà wà nígbà òjò, oòrùn á yọ fún wákàtí kan á tún wọlé, pádì tí wọ́n ti bọ̀ tó bá wá pẹ́ kó tó gbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, òórùn yẹn ò sì ní í lọ bó ti wù kó o fọ̀ ọ́ tó kó o tó sè é. Ni màmá bá pe wẹ́dà kan ládùúgbò, ìyẹn bá wọn ṣe dráyà.

Iṣẹ́ wẹ́dà yẹn mọ́ o, mo fẹ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ nǹkan míì, torí àwa ìnjíníà tá a gbé láptọ́ọ̀pù dání, ẹnu wa máa ń yá láti bú wẹ́dà. Fáànù ńlá kan ló ń ti afẹ́fẹ́ gba ara irin gbígbóná lórí ààrò tí wọ́n ń fi èèpo ìrẹsì dáná sí, afẹ́fẹ́ á yí kọ́nà kan, á wọ páìpù onígun mẹ́rin tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40 tó sì ga ní 60, láti ibẹ̀ páìpù náà á máa fẹ̀ bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, títí á fi fẹ̀ tó 90 níbi tó ti pàdé yàrá tíréè. Gíga ò yí padà, fífẹ̀ nìkan ni. Àrọ yẹn gùn ní mítà kan ààbọ̀. Ògiri ilé wà lápá òsì, wẹ́dà ò wá lè fẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó jẹ́ kí apá òsì lọ tààrà, ó wá dá gbogbo ẹ̀ sí ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ògiri ọ̀tún fi bíi dígírì 18 yà. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn.

Tíréè méjìlá ló wà nínú yàrá, mẹ́fà lósì, mẹ́fà lọ́tùn-ún. Ti òsì á gbẹ láàárín wákàtí mẹ́fà, á tún wá gbẹ jù, hóró á sán nínú, tó bá dé mílìì á fọ́ wẹ́wẹ́. Ti ọ̀tún, lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ṣì tutù, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ni màmá bá di ẹni tó ń jí lóru, tó ń gbé tíréè ọ̀tún lọ sósì tó ń gbé tòsì wá sọ́tùn-ún, bí ẹni ń yí àkàrà nínú epo.

Kí wọ́n tó pè mí, ẹnì kan ti sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ ò tó. Wọ́n pààrọ̀ púlì fáànù, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹnu àrọ kúrò ní mítà 8 sí mítà 10 ní sẹ́kọ́ńdì kan, dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu fò sókè, tíréè òsì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n hóró dànù sílẹ̀, ti ọ̀tún ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ṣe nǹkan kan. Wọ́n dá púlì àtijọ́ padà. Tí mo bá ronú sẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti fura, torí afẹ́fẹ́ tó ti rú dáadáa báyìí (Reynolds nọ́ńbà ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ máa rú, ń lọ sí bíi 180,000), tó bá fẹ́ kọ ògiri sílẹ̀ nínú àrọ, kó o fi díẹ̀ kún eré ẹ̀ ò ní kó má kọ̀ ọ́. Bí àrọ ṣe dá ló ń pinnu ẹ̀, àti irú afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìtàn púlì yẹn, mo rẹ́rìn-ín, mo kọjá lọ.

Mo wọn àrọ, mo yà á sínú kọ̀ǹpútà, mo lo OpenFOAM, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ, torí ọ̀fẹ́ ni. Mo ṣe mẹ́ṣì tí ò wúwo, ìyẹn ni pé mo pín inú àrọ sí ègé kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, bíi 200,000, sẹ́ẹ̀lì tó fara kan ògiri ga ní mìlímítà 4, mo yan k-epsilon, ìlànà kan tí wọ́n fi ń ṣírò ìrúkèrúdò afẹ́fẹ́, pẹ̀lú wall function (màá ṣàlàyé ìyẹn níwájú), mo ní kí afẹ́fẹ́ wọlé ní mítà 8 dọ́gbadọ́gba. Ilẹ̀ mọ́, ó ti parí. Àwòrán yẹn rẹwà! Pupa ń yí di yẹ́lò, yẹ́lò ń yí di búlúù, ó wá sọ pé òsì máa gba mítà 4.3, ọ̀tún á gba 2.9, ibi tí afẹ́fẹ́ ti yà kúrò lára ògiri ò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, níparí àrọ pátápátá. Mo wá fi ẹnu ara mi sọ fún màmá pé àrọ ò ní wàhálà, tíréè ni wọ́n ń di pádì sí jù. Wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ó dáa, ìnjíníà." Wọ́n fi odindi ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Kò sóhun tó yí padà àfi pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn dín kù.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bá wọn kó tíréè. Ọjọ́ tí mo padà lọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, èèpo tó ń fò lápá ọ̀tún yẹn, ẹ̀yìn ló ń padà sí, kì í lọ síwájú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, níparí ibẹ̀ yẹn ni, ó wà nínú àwòrán mi. Ó ní, "Rárá sà, kì í ṣe níparí, ìtòsí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ni." Mi ò dá a lóhùn. Ṣé ẹ rí i, ó ti rí ìdáhùn kí n tó dé ìlú yẹn, kò kàn ní láptọ́ọ̀pù ni.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò jẹ́ n sùn ṣá. Lọ́jọ́ Sátidé mo ra òwú pupa l'Ọ́jà Ọba l'Adó, mo gé e ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin mẹ́rin, a pa iná, a dúró kó tutù, a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ sára ògiri ọ̀tún láti ẹnu àrọ dé ìparí, ìlà kan ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 10. Wẹ́dà gé fèrèsé kékeré sórí àrọ, ó fi gíláàsì dé e. A tan fáànù láìdáná. Ọmọkùnrin yẹn di tọ́ọ̀ṣì mú, èmi gbójú lé gíláàsì.

Ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ sùn sára ògiri, wọ́n kọjú síwájú, wọ́n ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí etí ewúrẹ́ tí eṣinṣin bà lé. Nígbà tó fi máa di ìlà karùn-ún, òwú ò mọ ibi tó máa kọjú sí mọ́, á dìde, á yí po, á wó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìlà keje lọ, gbogbo wọn kọjú sí fáànù. Mo ní sí fáànù! Gbogbo àrọ yẹn látibi sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, afẹ́fẹ́ ti kọ ògiri ọ̀tún sílẹ̀, ó ti lọ lẹ̀ mọ́ òsì, ohun tó kù lọ́tùn-ún ń yí lójú kan bí omi tó há sí kọ̀rọ̀ odò. Kò tiẹ̀ tún dúró síbì kan, nígbà míì ìlà karùn-ún àti ìkẹfà á tún sùn síwájú fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, a máa rò pé ó ti dáa, á tún yà. A wá fi ẹ̀rọ tó ń wọn eré afẹ́fẹ́ wọn ọ̀nà àbájáde: òsì 6.5, ọ̀tún 0.7. Ọmọkùnrin yẹn ò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i ni, mo sì mọ̀ pé èmi ló ń tàn án sí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àrọ yẹn gan-an? Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kadà ṣe é. Ọ̀kadà tó fẹ́ gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tó bá ti bá eré bọ̀ láti ìsàlẹ̀, eré yẹn á gbé e dókè. Èyí tó ti rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, tó tún gbé èrò mẹ́ta, á dé ìdajì, á dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ padà. Bí àrọ ṣe ń fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń dẹ eré, bó sì ṣe ń dẹ eré ni ìfúnpá iwájú ẹ̀ ń ga sí i, òkè tó ń gùn nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ní eré nínú, á gùn ún. Èyí tó fara mọ́ ògiri, ògiri ti ń fà á lẹ́sẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, ó ti rẹ̀ ẹ́, òun ló máa kọ́kọ́ dúró, tó bá sì ti yọ̀ padà, á ti gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kúrò lára ògiri. Ìpele tín-ín-rín tó rẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní boundary layer, Ludwig Prandtl ọmọ Jámánì ló kọ́kọ́ là á yé aráyé ní Heidelberg lọ́dún 1904. Gbogbo ọ̀rọ̀ àrọ màmá, inú ìpele tí ò nípọn ju ìka mélòó kan lọ yẹn ló wà.

Èmi wá ni mo fi sẹ́ẹ̀lì mìlímítà 4 bò ó mọ́lẹ̀. Wall function túmọ̀ sí pé o ò ní ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gan-an, o máa gbà pé eré afẹ́fẹ́ ń ga láti ara ògiri gẹ́gẹ́ bí òfin lọgaríímù tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ von Karman gbé kalẹ̀ ní 1930, kó o ṣáà rí i pé y+ sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe jìnnà sí ògiri tó, wà láàárín 30 sí 300. Temi jẹ́ bíi 40. Bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́, ìyẹn ló tún ń dùn mí jù, ẹni tó bá yẹ iṣẹ́ mi wò nígbà yẹn á fún mi ní máàkì. Ṣùgbọ́n ara afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ògiri dáadáa ni wọ́n ti rí òfin yẹn. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ kọ ògiri, ìfà ògiri ń di òdo, òfin yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wá lọ lo òfin tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé tọkọtaya ṣì ń gbé pọ̀, láti fi bi kọ̀ǹpútà pé ìgbà wo ni wọ́n máa kọ ara wọn sílẹ̀.

K-epsilon náà ní ẹ̀bi tiẹ̀. Látìgbà ìwé tí Launder àti Spalding kọ ní 1974 ló ti ń bá ayé ṣiṣẹ́, mi ò bú u, mo ṣì ń lò ó níbi tó yẹ. Àmọ́ níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń gun òkè báyìí, ó máa ń ka ìrúkèrúdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sí púpọ̀ jù, ìrúkèrúdò yẹn ló sì ń gbé agbára láti àárín wá fún ìpele tó ti rẹ̀, ọ̀kadà tó yẹ kó yọ̀ padà á wá rẹ́ni tì í lẹ́yìn lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tó tún jẹ́ kójú tì mí ni pé àrọ kan wà tí gbogbo àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀, èyí tí Obi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ wọn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló dá bíi ti màmá, dígírì 10 péré, wọ́n wọ̀n ọ́n pé afẹ́fẹ́ yà níbẹ̀, k-epsilon ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan. Dígírì 10 o! Mo ti kà á rí, mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ ní ìdánwò rí.

Mo padà sílé, mo tún mẹ́ṣì ṣe. Sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ bọ́ láti mìlímítà 4 sí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan, ìkọ̀ọ̀kan nípọn ní ìlọ́po 1.2 ti ìsàlẹ̀ ẹ̀, ogún ìpele tí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò tó sẹ̀ǹtímítà 2, y+ wá sí bíi 1. Sẹ́ẹ̀lì ti lé ní mílíọ̀nù kan. Mo yan SST, ìlànà ìrúkèrúdò míì tí Menter gbé jáde ní 1994, tó ń lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní k-omega lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń yí sí k-epsilon tó bá ti jìnnà, tó sì fi ààlà sí bí ìfà ìrúkèrúdò ṣe lè pọ̀ tó, kò gbọ́dọ̀ kọjá 0.31 nínú agbára ìrúkèrúdò fúnra ẹ̀. Ààlà kékeré yẹn ni kì í jẹ́ kó máa ti ọ̀kadà tó ti rẹ̀.

Ó kọ̀ kò parí. Residual, ìyẹn àṣìṣe tó ṣẹ́ kù nínú ìṣírò, tó yẹ kó máa lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, sókè sódò, sókè sódò. Mo fi ọjọ́ méjì wá ẹ̀bi sínú mẹ́ṣì, mo yí èyí, mo yí tọ̀hún, NEPA mú iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo bínú ti láptọ́ọ̀pù. Nígbà tó yá ni mo rántí òwú ìlà karùn-ún tó ń sùn tó ń dìde. Àṣé kì í ṣe àṣìṣe, òótọ́ ló ń sọ, nǹkan tí kì í dúró lójú kan ni mo ní kó dúró fún mi. Mo yí i sí èyí tó ń bá àkókò rìn, mo jẹ́ kó sáré pẹ́, mo wá mú ìpíndọ́gba ẹ̀. Òsì 5.6, ọ̀tún 1.6. Ó ti súnmọ́, kò tíì dé 6.5 àti 0.7.

Èyí tó kù, inú páìpù ló wà, níbi tí mo ti ń purọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti ní kí afẹ́fẹ́ wọlé ní mítà 8 dọ́gbadọ́gba, torí ó rọrùn láti tẹ̀. Mo wá lọ wọ̀n ọ́n ní ojú mẹ́sàn-án ní ẹnu àrọ: òsì 9.5, àárín 8, ọ̀tún 6.5. Kọ́nà tí afẹ́fẹ́ yí kó tó dé ibẹ̀ ló ti gbogbo eré sí òsì. Ìyẹn ni pé ọ̀tún tó máa gun òkè ni wọ́n fún ní èyí tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi nọ́ńbà yẹn sí i, SST ní òsì 6.8, ọ̀tún 0.4. Ó wá sọ ọ́ jù díẹ̀, ìwà ẹ̀ nìyẹn, tó bá ti rí ìyapa ó máa ń fẹ̀ ẹ́, mo lè bá ìyẹn gbé. Kò sì sí bí mo ṣe lè fi SST yẹn yangàn, torí pé nínú ìrìn-àjò láti 2.9 dé 0.4, wíwọn ẹnu àrọ fúnra ẹ̀ kó apá tó tóbi.

Àtúnṣe wá. Tá a bá fẹ́ kí ògiri ọ̀tún má yà ju bíi dígírì 7 lọ, àrọ máa gùn ju mítà 4 lọ, gọ́tà ló sì wà lẹ́yìn ilé. Mo ní ká fi páànù méjì pín ẹnu àrọ sí mẹ́ta, kí dígírì 18 yẹn di mẹ́fà mẹ́fà, ọgbọ́n àtijọ́ ni, Cochran àti Kline ti fi hàn ní Stanford láti 1958 pé páànù kúkúrú tí kò tẹ̀ lẹ́nu àrọ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wẹ́dà ní ọwọ́ òun ò wọ ẹnu ibẹ̀, ó bá jó wọn mọ́ àárín àrọ níbi tí ẹlẹ́kítíróòdù lè dé. Mo rí i, mo ní ẹ jẹ́ ká dán an wò. Òwú ò yí padà rárá, torí kí afẹ́fẹ́ tó dé ibẹ̀ ó ti kọ ògiri tipẹ́, kí lo tún fẹ́ pín? Ó fi bíi ọjọ́ kan gé orí àrọ kúrò, ó gbé wọn wá sí ẹnu gẹ́lẹ́ níbi tí fífẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó tún fi páànù méjì tó tẹ̀ sínú kọ́nà kí eré lè dọ́gba kó tó dé. Ẹnu àrọ di 8.4 lósì, 7.6 lọ́tùn-ún. Ọ̀nà àbájáde di 4.1 àti 3.1. Kò dọ́gba tán, tíréè òsì ń gbẹ ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, ọ̀tún ní méje ààbọ̀, ṣùgbọ́n màmá ti ń sùn mọ́jú.

Látìgbà yẹn, iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tàbí omi bá ti máa dẹ eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ń yí díẹ̀díẹ̀, mi ò ní í gba k-epsilon pẹ̀lú wall function gbọ́ nídìí ẹ̀, bó ti wù kí àwòrán ẹ̀ rẹwà. Etí tó mú, bíi àtẹ̀gùn tí afẹ́fẹ́ fò kúrò lórí ẹ̀, ìyẹn yàtọ̀, etí yẹn fúnra ẹ̀ ti sọ ibi tí ìyapa máa wà, mọ́dẹ́ẹ̀lì tí ò gbọ́n púpọ̀ náà á rí i. Ògiri tó dán tó ń yà díẹ̀díẹ̀ ló ń dójú ti èèyàn. Mo tún ń wọn ẹnu ọ̀nà kí n tó ṣí láptọ́ọ̀pù, tí residual bá sì kọ̀ tí kò dúró, mo máa kọ́kọ́ bi ara mi bóyá nǹkan yẹn fúnra ẹ̀ ló ń mì. Ká ní mo ti lẹ òwú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, ọ̀sẹ̀ tí màmá fi tẹ́ pádì pẹlẹbẹ yẹn ò bá má ṣòfò.

Nígbà tá a parí, mo fẹ́ yọ òwú kúrò lára ògiri, màmá ní kí n fi í sílẹ̀. Sẹ́lótéèpù ò lè fara da ooru pẹ́, wẹ́dà bá wa fi páànù tín-ín-rín há ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀. Láràárọ̀ kí wọ́n tó dáná, ọmọkùnrin yẹn á tan fáànù, á tan tọ́ọ̀ṣì sí gíláàsì, á ka ìlà tó sùn síwájú. Oṣù tó kọjá ó pè mí, ó ní ẹ̀gbọ́n, ìlà kẹjọ ti ń dìde. Eku ló ti kó èèpo ìrẹsì dí àárín páànù kọ́nà.